Bí Mo Ṣe Wá Òjìji Àyọ̀ká Lọ sí Igbó Ìtànṣán

Ẹ fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún mi, mi ò lè jókòó síbi tí mi ò ti ní rí ìta. Ògúnsànmí alágbẹ̀dẹ, máa fín ẹwìrì rẹ lọ, má tìtorí ìtàn jẹ́ kí irin tí mo ní kí o rọ fún mi tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wá pọ́n àdá, àti ẹ̀yin tí ẹ ò rí nǹkan kan ṣe ju kí ẹ wá jókòó sí àgbẹ̀dẹ lọ, láti àárọ̀ lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní kí ló dé tí èmi Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún, tí ẹkùn ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde nílé ara rẹ̀, kì í yìnbọn lójúmọmọ rárá mọ́. Ẹ tún ní kí ló dé tí mo fi ń di ọwọ́ ìyàwó mi mú lójú ọ̀nà bí ọlọ́pàá tó mú olè. Ó dára. Ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní, màá sì sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, màá máa dìde, màá máa jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n fìdí mọ́lẹ̀. Bí ìyá mi ṣe bí mi nìyẹn. Wọ́n ní oṣù keje ni mo rìn, nítorí pé mi ò lè dúró de ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa rìn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ. Àtùpà kábáìdì tí a máa ń so mọ́ iwájú orí, kì í ṣe ọ̀nà nìkan la fi ń wò. Bí iná rẹ̀ bá bọ́ sójú ẹran nínú òkùnkùn, ojú náà á dá a padà sí ọ. Ti ẹtu á pọ́n bí ẹyín iná. Ti ẹtà á dà bí ewé tuntun. Ọdẹ tó mọṣẹ́ á ti mọ ẹran tó fẹ́ pa kó tó rí ìrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í dá iná padà. Ó ń gba iná, ó ń gbé e mì, ó di tirẹ̀. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé, "Jìnmí, ojú tí kò bá dá iná padà, má yìnbọn sí i, ọmọ ẹnìkan ni. Kí o sì tún mọ̀ pé iná orí rẹ nìkan ni ojú ẹran lè dá padà fún ọ. Bí nǹkan bá ń kọ mànà lọ́sàn-án, tí o kò gbé iná sórí, ojú ẹran kọ́ o. Fi í sílẹ̀." Mo gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ẹ wá wo ohun tí mo fi ìmọ̀ náà ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ó di ọjọ́ kẹta tí mi ò tí ì pa ohun kan, ara sì ń ta mí. Ẹ mọ̀ pé àwa ọdẹ àdúgbò yìí kì í yìnbọn nígbà tí òjìji ènìyàn bá wọ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. À ń wá abẹ́ igi, à ń jẹ iṣu sísun, títí òjìji yóò fi yọ orí padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó lọ́jọ́ náà. Èmi jókòó, mo dìde. Mo tún jókòó, ìdí mi ń yún mi. Mo wá gbé ìbọn, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ tọ̀, mo sì ń tọ̀ lọ títí mo fi dé etí Igbó Ìtànṣán, igbó tí àwọn bàbá wa kì í wọ̀. Láàárín ewé, mo rí ohun tó ń dán. Ó ń dán, ó ń dákẹ́, ó tún ń dán. Ẹ̀mí mi ní, "Ojú ẹran ni." Ọgbọ́n mi ní, "Iná wo ló wà lórí rẹ?" Kí ọgbọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ìka mi ti fa ìbọn. Afàgò kẹ́yin àparò, ohun ojú ń wá lojú ń rí. Ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe igbe ẹran, ohun tó fọ́ ni.

Ẹnìkan jáde láti inú ewé. Ó ga tó igi àgbọn ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ sì dán bí àwo idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Nígbà tí mo wo àyà rẹ̀, ojú ara mi ni mo rí níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba ojú náà gidigidi. Ó ní, "Èmi ni Ọba Ìtànṣán. Ta ló fọ́ dígí mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, èmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ojú ẹran ni mo pè é."

"Iná wo ló wà lórí rẹ tí ojú ẹran fi dá a padà?"

Ó wolẹ̀ títí, ó ń wo àfọ́kù dígí. Ó ní, "Dígí yẹn ni mo fi ń gba oòrùn lókè, tí mo fi ń pín in fún ìdí igi tí oòrùn kì í dé. Láti òní lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ igbó mi wà nínú òkùnkùn. O gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà á gba òjìji lọ́wọ́ rẹ. Kì í sì í ṣe tìrẹ. Ti ẹni tó ń retí rẹ nílé ni." Kí n tó gbé orí sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sáré délé, bí mo ṣe ń sáré ni mò ń sọ fún ara mi pé àlá ọ̀sán ni.

Àyọ̀ká, ìyàwó mi, ń sá ata lórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ata náà, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ kò sí lórí ata. Gbogbo ata náà ló pọ́n bákan náà, bí ẹni pé ẹnìkan ò bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi wo ọwọ́ yìí. Láti ìgbà tí oòrùn ti wà láàárín orí ni mo ti ń rí ata láti inú rẹ̀." Mo wò ó. Mo rí ata láti inú ọwọ́ ìyàwó mi bí ẹ ṣe ń rí òkúta nínú omi tó mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò ń forí gbá a lójú ọ̀nà, wọ́n ń bẹ afẹ́fẹ́ pé kó má bínú. Lọ́jọ́ kẹta, ìborùn funfun tó dà bo èjìká nìkan là ń rí, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé. Àti ohùn rẹ̀. Ohùn náà ní, "Ọkọ mi, ẹ sọ òtítọ́ fún mi, kí lẹ ṣe nínú igbó?" Mo sọ ọ́ tán, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń bá ìkánjú yín gbé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ti dìde kí n tó sọ ọ́ tán. Bí mo bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín lọ́nà oko, ẹ ti dé oko kí n tó yọ sí ìyànà. Mo fara mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ pé òun ló máa lé mi kúrò lójú ayé." Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti sá fún erin, mo ti bá ẹkùn wo ojú ara wa, ṣùgbọ́n omijé tó bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ohùn náà kò sí nílé. Mo rí ìborùn náà lórí koríko, ní ẹnu ọ̀nà Igbó Ìtànṣán. Òjìji kì í gbé ibì kan kí ẹni tó ni ín gbé ibòmíràn, òjìji ti fà á lọ. Mo so ìborùn mọ́ ọrùn, mo gbé ìbọn, mo ká àtùpà mọ́ orí, mo sì di kábáìdì àti ìṣáná sínú agolo kékeré, nítorí pé omi ló ń mú kí òkúta kábáìdì tú èéfín tí iná ń jó, èyí tí omi bá sì bà kó tó tó àkókò ti bàjẹ́. Èmi tí baba ńlá mẹ́fà ṣe ọdẹ ṣáájú mi, mo wọ igbó tí ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò wọ̀.

Odò ni mo kọ́kọ́ bá. Bàbá arúgbó kan dúró sínú omi títí dé itan, irùngbọ̀n rẹ̀ léfòó lórí omi. Ó ní, "Ọdẹ, ẹsẹ̀ mi kán, ìwọ náà rí i. Báwo ni mo ṣe wà lóòró?" Mo wo inú omi. Lóòótọ́, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan omi ni ó ti yà, ìdajì òkè wà níhìn-ín, ìdajì ìsàlẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan á ti máa bá a wá igi tí wọ́n á fi di í.

Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò kán. Ìmọ́lẹ̀ ló kán."

"Ta ló kán an?"

"Omi ni. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà nínú afẹ́fẹ́. Bó bá kan omi, ìrìn rẹ̀ ń wúwo, ó ń yà bàrá. Apẹja ni ará ilé ìyá mi, Bàbá. Kò sí ọmọ wọn tó ń gún ẹja níbi tó ti rí i, abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń gún. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kan sókè kí n rí i."

Ó yọ ọ́ sókè. Ẹsẹ̀ náà gún bí ọmọrí odó. Inú rẹ̀ kò dùn pé mo mọ̀ ọ́n, ó sì fi irùngbọ̀n rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Òkúta méje ló wà lábẹ́ omi yìí tí o máa tẹ̀ kọjá. Ọ̀nì ló ni ibi tó kù. Níbi tí ojú rẹ bá ti rí òkúta, ṣé ibẹ̀ ló wà?" Mo ní, "Rárá, ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ní, "Fi ìdí ìbọn wá a kí o tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan." Mo fi ìdí ìbọn wá èkíní, mo tẹ̀ ẹ́. Mo wá èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ẹsẹ̀ mi ní òun ti mọ̀ ọ́n. Mo tẹ ibi tí ojú mi rí. Omi gbà mí dé àyà, mo sì gbọ́ tí eyín pàdé eyín lẹ́yìn mi. Àpò tí mo di àgbàdo sísun sí ni ọ̀nì náà mú. Ká ní ó fi ìka kan sún síwájú ni, ìbàdí mi ni ì bá mú. Mo gun òkè odò pẹ̀lú ebi, arúgbó náà sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mi ò bá a wí.

Mo rìn dé ibi tí gbogbo igi ti jóná. Ilẹ̀ dúdú, kùkùté dúdú, ooru ibẹ̀ sì ń mú omi jáde lára mi bí ẹni tó wọ inú àdògán. Láàárín òkìtì èédú ni obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sí, ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi mọ ibi tí imú rẹ̀ wà. Ó ń fi ewé fẹ́ ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Eléèédú."

Ó ní, "Bí o bá mọ̀ ọ́n, mo dá ọ lóhùn. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, padà sílé. Kí ni ń jẹun láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ tí kì í yó, tí kì í tọ̀, tó jẹ́ pé ooru nìkan ló ń jáde lára rẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀, mo wo òkìtì, mo wo òógùn ara mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ohun dúdú ni. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá wá bá a, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Kì í dá a padà bíi dígí, kì í jẹ́ kó kọjá bí omi. Ohun tó bá jẹ, ooru ló ń dà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Oòrùn ń fún mi jẹ, ó sì ń pa mí. Ọmọ mi, kí lo ní tí kì í jẹ ìmọ́lẹ̀?" Mo na fìlà mi sí i. Ó ní, "Fìlà ọdẹ, bíi tèmi ló ṣe dúdú." Mo bọ́ dàńṣíkí, aró ni wọ́n fi pa á. Ó tọ́ka sí ọrùn mi. Ẹ̀yin ènìyàn, ìborùn Àyọ̀ká nìkan ló kù tí mo rí nínú gbogbo ohun tí í ṣe tirẹ̀. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ata àti ọṣẹ dúdú. Mo dì í mú, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo wá tú u, mo fún un. Ó dà á borí, aṣọ funfun náà sì ń ju oòrùn nù lára rẹ̀ bí ìgbà tí òrùlé ń ju òjò nù. Ó dijú. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí orí mi ti tutù gbẹ̀yìn."

Ó bu lẹ́búlẹ́bú èédú sínú ewé, ó di í. Ó ní, "Aya rẹ ti di ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ kò ní òjìji. Òjìji kì í ṣe nǹkan kan ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ráyè dé lọ. Da èyí sí i lára. Á dá ìmọ́lẹ̀ dúró, òjìji á sì dé. Omi kò lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ọwọ́ ènìyàn nìkan ló lè nù ún. Nítorí náà, má fọwọ́ kàn án títí oòrùn ìlú yín yóò fi ràn sí i tí èédú yóò sì wọ ara rẹ̀. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn kó tó wọra, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á máa gbà kọjá títí ayé. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Ó ní, "O ò gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ti ń lọ kí n tó sọ ọ́ tán."

Ọba Ìtànṣán jókòó sẹ́nu ihò kan, ó ń to àfọ́kù dígí rẹ̀ sórí ẹní, kò sì tò. Nígbà tó rí mi, kò bínú, ó dà bí ẹni tó rẹ̀. Ó ní, "O dé. Aya rẹ wà nínú ihò yìí. Obìnrin mẹ́rìndínlógún tó jọ ọ́ náà wà níbẹ̀. Mú ẹnìkan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ òun, tirẹ ni. Bí kì í bá ṣe òun, màá mú ọ dúró sí etí igbó, màá máa nù ọ́ títí wàá fi dán tó láti di dígí mi." Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, kò ní wọ igbó rárá.

Ihò náà ṣú bí inú ìkòkò. Bí mo ṣe wọ ibẹ̀ ni ohùn dé láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú. "Ọkọ mi, èmi rèé." "Ọkọ mi, ẹ na ọwọ́ yín sí mi." Ohùn Àyọ̀ká ni gbogbo wọn. Mo tutọ́ sínú kábáìdì, mo ṣá ìṣáná, iná gbà. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ni mo rí lóòótọ́, ojú kan náà, ilà kan náà, àlàfo eyín kan náà. Ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ ní, "Ọkọ mi, ẹ kú ewu igbó," bí ó ti máa ń sọ ọ́ gan-an. Ẹsẹ̀ mi ti gbé, ọwọ́ mi ti ń lọ. Mo rántí ohun tó fọ́. Mo fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tó fa ajá, mo sì gbé iná sí i lójú. Ojú náà dá a padà, pupa bí ẹyín iná. Ẹtu ni. Mo gbé e sí ẹnì kejì, ewé tuntun. Ẹtà ni. Ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí àárín méjèèjì sì fẹ̀. Ẹkùn nìyẹn o, tó ń pè mí ní ọkọ rẹ̀. Mo yẹ gbogbo wọn wò dé orí ẹni kẹrìndínlógún. Gbogbo ojú ló dá iná padà. Kò sí ènìyàn kan níbẹ̀.

Mo ní wọ́n ti tàn mí, mo ní ó ti kú. Mo fẹ́ sáré yí ihò náà ká, mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ yìnbọn sí gbogbo wọn. Mo wá rò ó pé gbogbo ohun tí mo ti bà jẹ́ láyé yìí, sísáré ni mo fi bà á jẹ́. Mo dúró. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó le ju kí ènìyàn gbé erin lọ. Mo mú orí dúró, iná orí mi náà sì dúró, mo ń wo ògiri òkúta tó wà níwájú mi. Ìlà kan là gba ara ògiri náà láti òkè dé ilẹ̀, ó tọ́ bí okùn. Mò ń wò ó, mò ń mí. Ó pẹ́. Ìgbà náà ni mo rí i pé ní ibì kan, bí ibi tí èjìká ènìyàn máa ń wà, ìlà náà yà bàrá, ó lọ sọ́hùn-ún, kó tó padà sípò rẹ̀. Ó yà bí ẹsẹ̀ arúgbó inú odò. Bí mo bá mi orí ni, gbogbo ògiri ì bá mì, ǹ bá má rí i. Ohun kan dúró láàárín èmi àti ògiri, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Mo tú ewé, mo da èédú síbẹ̀. Irun ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí, imú, èjìká, ọwọ́ méjèèjì. Òjìji kan sì là lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó dúdú, ó pé. Mo gbé iná sójú rẹ̀. Ojú náà gbé iná mì, kò dá nǹkan kan padà. Àyọ̀ká ní, "Ọkọ mi, ẹ pẹ́ kí ẹ tó rí mi." Mo ní, "Má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́. Máa tẹ̀ lé mi."

Ọba Ìtànṣán dí ẹnu ihò. Ó ní, "Ẹni tí o mú kò sí nínú àwọn mẹ́rìndínlógún."

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ ní aya mi wà nínú ihò, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ní àwọn mẹ́rìndínlógún jọ ọ́, òótọ́ náà lẹ sọ. Ẹni tó jọ ènìyàn kọ́ ni ènìyàn náà."

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí ojú ara mi tó ń rẹ́rìn-ín ní àyà rẹ̀. Ó ní, "O gbọ́n. Dígí mi ńkọ́?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ àtùpà ọdẹ, ẹ mọ̀ pé àwo kékeré kan tó dán wà lẹ́yìn iná rẹ̀, òun ló ń ti iná síwájú. Mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó gbé e sínú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan bọ́ sí ìdí ìrókò níbi tó ti ṣókùnkùn, àwọn ohun kan tí mi ò rí sì hó fún ayọ̀. Ó ní, "Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń dá padà. Máa lọ. Àwọn ẹranko mi kò sí nínú àdéhùn yìí o, mo sọ fún ọ." Ẹkùn tó ń pè mí ní ọkọ ti jáde lẹ́yìn wa. A sáré.

Ẹ bá mi fín iná yẹn dáadáa, Ògúnsànmí. Ibi tó kù yìí, mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. A dé odò. Èmi wà níwájú, ìbọn lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹkùn lórí ewé gbígbẹ, tàbí mo rò pé mo ń gbọ́ ọ. Àyọ̀ká wọ omi. Ó na ẹsẹ̀, ó wá òkúta kìíní, ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá èkejì. Kò kánjú. Bó ṣe ń sá ata, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá òkúta. Mo ní kó yá. Ó ní, "Ọkọ mi, mò ń rí ọ̀nà, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó wá ẹ̀kẹta. Mo gbọ́ ewé lẹ́yìn mi. Mo na ọwọ́, mo di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á. Mi ò dá a dúró, mi ò rò ó, mo fà á títí a fi gun òkè odò. Arúgbó inú omi ní, "Ọdẹ, kí lò ń sá fún? Ẹkùn ti padà láti ìdí igi jíjóná." Mo wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan. Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dúdú fún èédú.

Àyọ̀ká wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo tèmi. A délé. Oòrùn ilé wa mú èédú wọ ara rẹ̀, ó di bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀, àlàfo eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ òsì rẹ̀, ìwọ̀n ìka mi mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní. Bó bá jáde sínú oòrùn, òjìji ọwọ́ rẹ̀ á já sí méjì lórí ilẹ̀, ọwọ́ níhìn-ín, apá lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń di ibẹ̀ mú lójú ọ̀nà, kí ẹ má baà rí i. Ìtìjú mi ni mò ń bò, kì í ṣe tirẹ̀. Mo sì ti ní kí Ògúnsànmí rọ ẹ̀gbà irin fífẹ̀ kan, èyí tó máa bo ibẹ̀ dáadáa, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ mi, kó máa rìn bó ṣe wù ú. Irin tó wà nínú iná yẹn ni. Ó ti rọ ọ̀kan lórí owú lánàá, òun fúnra rẹ̀ ní ó kéré, èyí ni yóò bá a mu.

Àyọ̀ká ló ń bọ̀ yẹn. Mo ní kó wá wọ̀n ọ́n wò. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wò ó tẹ́rùn lónìí, mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ rí àlàfo yẹn? Ìka mẹ́rin, mo sọ fún yín. Ògúnsànmí, ti irin bọ omi, gbé e fún un. Àyọ̀ká, wọ̀ ọ́. Ó bá a mu. Ẹ wo òjìji náà, ó ti so pọ̀.

Kí ló dé tí o tún ń bọ́ ọ?

Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ fún alágbẹ̀dẹ. Ó ní kí ó fi irin náà rọ ọ̀bẹ fún ẹni tó bá fẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti ti igbó dé, òun kò tí ì bá mi rìn kí n sáré fi òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ọwọ́ tó nù ún ni yóò máa dí i.

Ẹ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Rárá, Àyọ̀ká, má yára. Mú ìrìn tìrẹ.